Ọwọ́ Òṣùwọ̀n

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ àpótí iná kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní páwápáàkì, Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń wá. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Àwọn oníbàárà ló fún un, nítorí kì í fi mítà wọn nǹkan kan. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Á gbé àpótí náà, á dijú, á mì í díẹ̀, á ní, "Èyí wúwo. Wáyà inú ẹ̀ nípọn. Gbé e lọ." Àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí ayédèrú máa ń fúyẹ́. Àmọ́ tirẹ̀ ti di eré. Àwọn èèyàn á dúró wò ó, òun náà á sì máa ṣe fáàrí.

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ràn eré yẹn. Ó ti ra ẹ̀rọ ìdánwò kan tí wọ́n ń so mọ́ àpótí iná, tí á fún un níṣẹ́ ṣe bí ìgbà tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni àṣírí èyí tí kò dáa ti ń tú. Ẹ̀rọ náà kì í yá, ó sì ń pariwo. Òṣùwọ̀n fi aṣọ bò ó sí kọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé. Aránṣọ ni, òun ló sì tọ́ Òṣùwọ̀n dàgbà lẹ́yìn ìyá wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ tó fi ń kọ iṣẹ́ sára aṣọ, inú kọ̀ǹpútà ọ̀hún ni gbogbo àwòrán tó ti yà láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà. Kọ̀ǹpútà náà ti wá ń kú fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́.

"Àpótí iná ẹ̀ ló ti gbó," ni Òṣùwọ̀n wí. Ó gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan fúyẹ́, kò sì lẹ́wà. Ìkejì dúdú, ó ń dán, ó wúwo.

"Gbé méjèèjì sórí ẹ̀rọ," ni ọ̀gá rẹ̀ sọ láti ìdí tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni, kì í ṣe èrò ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ àwọn oníbàárà ti ń wò ó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ó dijú, ó mi èyí dúdú. "Ọ̀gá mi, ṣé ọwọ́ yìí ti parọ́ rí?" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi rèé o!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ló gbé e délé, tó bá a so ó.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó máa dé yàrá iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òórùn rọ́bà tó jó ti gba gbogbo ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti kú pátápátá, ibi tí àwòrán wà nínú rẹ̀ náà ti jóná. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé kan ló wà lórí ẹ̀rọ, àmì tí wọ́n ń kọ sí i kò ju ààbọ̀ lọ, òwú ṣì ń fì lára rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ kó tó lanu. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo gbé ìdì aṣọ sẹ́yìn ẹ̀, mi ò jẹ́ kó mí. O kúkú sọ fún mi pé kí n má dí i."

Òṣùwọ̀n lóṣòó ti kọ̀ǹpútà náà. Ó tú àpótí iná náà jáde, ó gbé e lọ síbi fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣí i. Wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín. Ibi tó yẹ kí nǹkan gidi wà ṣófo. Nísàlẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́lẹ̀. Irin lásán! Kò kan wáyà kankan, kò ṣiṣẹ́ kankan. Àwọn tó ṣe ayédèrú yẹn mọ̀ pé irú Òṣùwọ̀n wà láyé, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe irin náà dè.

Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, ì bá wọlẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe ṣá: ó yọ irin náà, ó tì í sápò ṣòkòtò, ó dé àpótí padà. Ó ní òun á sọ ọ́ tó bá yá. Kó yá ìgbà wo, ọ̀dájú?

Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dún. Ọ̀gá iléèwé tó ni aṣọ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e sétí, ó sì kúnlẹ̀ sórí àkísà àti òwú tó wà nílẹ̀, fún ẹni tí kò rí i.

"Ẹ dákun, mà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, mà, èmi ni mo ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Rárá o, àbúrò mi ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ ẹ̀ kì í parọ́. Èmi ni mo ya púrúǹtù. Ẹ má gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn, ẹ dákun."

Irin náà ń fa ṣòkòtò Òṣùwọ̀n wálẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Bí Òṣùwọ̀n bá fọ́ àwo, ẹ̀gbọ́n á ní òun lòun fọ́ ọ, á sì jẹ ìyà rẹ̀. Nígbà yẹn, ó mọ̀ pé òun ń parọ́ ni. Lónìí, òótọ́ ló pè é.

Èyí ni Òṣùwọ̀n ò lè gbé mì. Ó yọ irin náà, ó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kí lèyí?" Obìnrin náà bo fóònù mọ́ àyà. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Ó mà wúwo o."

"Inú àpótí iná yẹn ló wà, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni mo wọ̀n. Ọ̀gá mi ní kí n gbé e sórí ẹ̀rọ ìdánwò, mò ń ṣe fáàrí. Kì í ṣe aṣọ yín. Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

Ó ń retí èébú. Èébú ì bá sàn.

"O ti rí i kí n tó kúnlẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó na fóònù sí i. "Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀."

Òṣùwọ̀n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àkísà náà. "Ẹ káàsán, mà. Èmi ni àbúrò wọn."

"Ṣé ìwọ lo ni ọwọ́ tí kì í parọ́ yẹn?" ni ohùn inú fóònù bi í.

"Èmi ni, mà," ló wí. "Ó ti parọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dìde, ó ń gbọn òwú kúrò lórúnkún rẹ̀, irin náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.