Òkìtì Ewé Ẹ̀yìn Ahéré

Ọjọ́ kẹrin rèé tí òjò ò dá, kò sì sẹ́ni tó lè fín oògùn sára igi ápù ní abúlé wọn lókè ìlú Ṣópíàn. Mughli já ewé kan, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Àmì dúdú ti bò ó, ìyókù rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Bí ewé bá já bọ́ tán báyìí, èso ò ní dàgbà.

"Wahab, ìwọ lo kó àrùn yìí bá wa!" Subhan, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, ló ń pariwo létí ààlà, àáké lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbogbo abúlé ló gbá ewé tó já lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ kí àrùn má bàa padà. Ìwọ ọ̀lẹ, o fi tìẹ sílẹ̀!"

"Mo fi Kùránì búra, mo rì í!" ni Wahab, aládùúgbò wọn, dáhùn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sùn di ọ̀sán, ẹ̀yin lẹ ń pe èèyàn lọ́lẹ?"

Àdéhùn abúlé ni pé ẹni tí ewé rẹ̀ bá kó àrùn ran ará yòókù, igi márùn-ún rẹ̀ ni wọ́n máa gé. Mẹ́jọ péré sì ni Wahab ní láyé.

Mughli mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ewé ápù ló fi ń ṣe èédú inú ìkòkò iná tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ ẹ̀wù láti fi yáná nígbà ọ̀gìnnìtìn. Lọ́dún tó kọjá, òtútù ń bọ̀, kí èèyàn wá lọ rì nǹkan iná mọ́lẹ̀? Ó wọ́ ewé jọ sẹ́yìn ahéré, ó ní òun á sun ún tó bá dọ̀la. Ilẹ̀ mọ́, yìnyín ti bò ó. Nígbà tí yìnyín yọ́, kò gbàgbé o, ó mójú fò ó ni.

Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ojú tì í pé ó tiẹ̀ rò ó.

Subhan gbé àáké sókè sí igi Wahab.

"Subhan, sọ ọ́ kalẹ̀! Èmi ni. Òkìtì ewé mi ṣì wà lẹ́yìn ahéré."

"Ìyàwó wa, ẹ má ṣàwàdà."

"Lọ wò ó."

Ó lọ, ó padà dé, kò lè wo ojú Wahab. Ó kàn na àáké sí i.

Wahab gbà á. "Ìyá, èwo ni kí n kọ́kọ́ gé?"

Mughli nawọ́ sí èyí tó sún mọ́ òkìtì náà jù. "Ọdún tá a ṣègbéyàwó lọkọ mi gbìn ín. Yára, kí n tó yí ọkàn padà."

Nígbà tí àáké kọ́kọ́ bà á, ápù tí kò tíì pọ́n ń já lulẹ̀. Mughli bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa wọ́n sínú ìborùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé wọn ò ṣeé jẹ.