Ìpápánu Bíńtín

Lọ́jọ́ tí Káfíńtà, olólùfẹ́ mi, fẹ́ rìnrìn àjò, nǹkan méjì ló gbé lé mi lọ́wọ́: ajá tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé, àti lẹ́tà kan. Mo fi ọwọ́ òsì gba ajá, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gba lẹ́tà. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n gbé iṣẹ́ òrùlé fún un ní ìlú kan tó jìnnà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì máa lò níbẹ̀. Bíńtín ni orúkọ ajá náà, orúkọ rẹ̀ sì rò ó. Kò ju bàtà àgbàlagbà lọ, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ojú rẹ̀ méjèèjì dà bíi bọ́tìnnì dúdú. Inú rẹ̀ nìkan ni kò lágbára. Ohun tí ajá mìíràn á jẹ tí á fi ìrù dúpẹ́, bí Bíńtín bá tọ́ ọ wò lásán, èébì ni. Bí kò bá jẹ́ èébì, ìgbẹ́ gbuuru ni.

“Abẹ́rẹ́ mi,” Káfíńtà sọ fún mi ní ibùdókọ̀, “ìwọ̀nba ni kó o máa fún un o. Ìpápánu rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju èékánná ẹ lọ. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ sẹ́yìn lẹ́tà yẹn. Ṣé wàá kà á?”

“Mà á kà á títí ojú á fi fọ́.”

Mo sì kà á lóòótọ́. Iwájú rẹ̀ ni mo kà. “Nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, àyà mi ni ìró rẹ̀ ti ń dún.” Ẹ gbà mí! Ta ló máa ka irú ìyẹn tán tí á tún rántí yí ìwé padà? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yí i, bí mo ṣe ń ti ibùdókọ̀ bọ̀. Mo rí àyà adìyẹ bíbọ̀ tí kò ní iyọ̀ tí kò ní ata, mo rí kárọ́ọ̀tì sísè, elégédé sísè, àti ápù tí wọ́n ti yọ kóró inú rẹ̀. Mo ní ó ti yé mi. Ó fa ìlà pupa kan sábẹ́ ìyẹn, ó sì tún kọ nǹkan sísàlẹ̀ ìlà náà, ṣùgbọ́n omijé ìfẹ́ ti bò mí lójú nígbà náà.

Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́tà náà mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ mi. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kọjú síta, oúnjẹ ajá kọjú sí ògiri.

Ọ̀gá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tépù torí pé tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, dúró wò ó.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìfẹ́ lo lẹ̀ yẹn àbí kàlẹ́ńdà?”

“Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ n gbádùn ara mi.”

“Gbádùn ara ẹ o. Ṣáà má rán ìka ẹ mọ́ kọ́là oníkọ́là.”

Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, kò sí wàhálà. Láàárọ̀, mo máa ń se kárọ́ọ̀tì títí á fi rọ̀, mo sì máa ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìyá Tépù á mú ẹyọ kan, á fi tépù wọ̀n ọ́n, á ní, “Èyí ò tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì! Ebi ni wọ́n fi ń tọ́jú ajá tìẹ ni?” Bíńtín á jẹ ẹ́, á wá sùn sórí àkísà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Tí mo bá ti tẹ ẹ̀rọ, etí rẹ̀ á máa mì.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo ra èso àjàrà. Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo fi dàgbà, bí olólùfẹ́ méjì bá ti jókòó pọ̀, èso àjàrà ni wọ́n máa ń fi síra wọn lẹ́nu. Káfíńtà pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ń jẹ ẹyọ kan fún ara mi, mo sì ń fún Bíńtín ní ẹyọ kan, bí ẹni pé Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni mò ń fún. Mẹ́rin ni ó jẹ. Mo tilẹ̀ gé wọn wẹ́wẹ́, torí mo rántí ọ̀rọ̀ èékánná. Inú mi dùn débi pé mi ò sọ fún un. Mo ní ọjọ́ tó bá dé ni mà á sọ ọ́, ká jọ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bíńtín bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó bì í sórí àkísà, ó bì í sórí ìgbátí aṣọ ìyàwó tí mò ń rán. Nígbà tó yá, kò rí nǹkan kan bì mọ́, ó kàn ń ya ẹnu, ó ń wò mí.

Mo gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀.

“Kí ló jẹ?”

“Kárọ́ọ̀tì, mà.”

“Kárọ́ọ̀tì kọ́ lèyí. Kí ló tún jẹ?”

“Èso àjàrà. Mẹ́rin.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lára ajá. “Ta ló fún un?”

“Èmi ni, mà.”

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní èso àjàrà a máa ba kíndìnrín ajá jẹ́. Ajá kan lè jẹ ẹ́ kó má ṣe é ní nǹkan kan. Òmíràn á jẹ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì bẹ́yìn yọ. Kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tí Bíńtín máa jẹ́ nínú méjèèjì. “Mi ò ní oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Omi ni mà á máa fà sí i lára, ká wá máa retí kó tọ̀. Tó bá tọ̀, kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá tọ̀...” Ó yíjú, ó lọ fọwọ́.

“Kí ni kí èmi ṣe, mà?”

“Jókòó.”

Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún aṣọ tó bàjẹ́ rán, tí mo lè fi abẹ́rẹ́ dí ihò ńlá, mo jókòó bí ẹrù. Bíńtín ń bẹ lórí tábìlì pẹ̀lú rọ́bà omi lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú, kò tíì tọ̀.

Dókítà wá béèrè bóyá ẹni tó ni ajá kọ nǹkan nípa rẹ̀ sílẹ̀. Ni mo bá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fa lẹ́tà, lẹ́tà ò bọ́. Ìyá Tépù ti áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé aṣọ tútù, ó fi tẹ̀ ẹ́ kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀. Síbẹ̀, àárín rẹ̀ ya. Ọ̀rọ̀ “àyà mi” ló kù sára ògiri, ìsàlẹ̀ ìlà pupa ló tẹ̀ lé mi lọ́wọ́:

“Má fún un láé: èso àjàrà, ṣokoléètì, àlùbọ́sà, egungun, ọ̀rá. Jọ̀ọ́, Abẹ́rẹ́. Òun ló kù fún mi lára Màmá.”

Ìyá Tépù kà á láti ẹ̀yìn mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

“Pè é.”

“Kí ni mo fẹ́ sọ, ọ̀gá?”

“Ohun tó o ṣe.”

Mo pè é. Mò ń gbọ́ òòlù lórí òrùlé bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó yá, òòlù dákẹ́.

“Ṣé ó ti tọ̀?” ó bi mí.

“Kò tíì tọ̀.”

Ó pa fóònù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Káfíńtà wọlé sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó nínú irun rẹ̀, pẹ́ńsù ṣì wà létí rẹ̀. Mo ti ro bí mà á ṣe sáré dì mọ́ ọn lọ́jọ́ tó bá dé. Ó gba iwájú mi kọjá lọ síbi tábìlì. Bíńtín gbé orí sókè díẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀.

Dókítà ní ká gbé e jáde sórí koríko, bóyá ìyẹn á ràn án lọ́wọ́. Èmi gbé ajá, Káfíńtà gbé àpò omi sókè orí. Bíńtín gbóòórùn koríko, ó yí po, ó lóṣòó, ó dìde. Ilẹ̀ gbẹ. Ó tún yí po. Ó dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà ni koríko kékeré kan tutù lábẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n ṣíbí kan péré.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ó kéré. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ni. Ọ̀la la máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má tíì yọ̀.”

Kárọ́ọ̀tì tí mo sè láàárọ̀ àná wà lápò mi, ó ti tẹ́. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́.

“Ṣé inú ń bí ẹ sí mi?” mo béèrè.

“Mi ò tíì mọ̀.”

Ó gbé àpò omi sí ọwọ́ kejì, kò gbé e fún mi.

“Gbé Bíńtín síwájú díẹ̀ sí i,” ó ní. “Síbi tí koríko ti ga yẹn. Bóyá ìtọ̀ ṣì kù.”

Mo gbé e síbẹ̀. A dúró.