Níwọ̀n Ìgbà Tí Dáṣíbọ́ọ̀dù Ṣì Wà Nílẹ̀

Tíì ni ẹ̀gbọ́n mi Roland ń dà sí ife lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe é. Tíì kún ife, ó kún àwo abẹ́ ife, ó ṣàn lórí tábìlì, ó ń kán sórí bàtà rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó kọjú sí mi, àmọ́ èmi kọ́ ló ń wò.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n." Mo tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, tíì!"

Nígbà tó padà dé, ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Ta ló da omi síbí?"

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí, gbogbo ẹbí ló mọ̀. Mo ń sá fún ajá. Mi ò lè gun àkàbà. Ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè nínú ilé ńlá, mi ò wọ ọ̀kan rí láyé mi. Wọ́n máa ń fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ nígbà Kérésì. Torí náà, nígbà tí mo ní kó lọ rí dókítà, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

"Kí n lọ sọ kí ni fún un? Pé mo da tíì nù?"

"Pé ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ ò sì sí níbẹ̀."

"Neville, tí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọn ò ní jẹ́ kí n wakọ̀ mọ́. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn? Kí èmi náà máa dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò bíi tìẹ?"

Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, èmi ò níyàwó, àwa méjèèjì la jọ wà níbẹ̀. Mi ò lè wakọ̀. Mi ò kàwé lọ títí, ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ti ń gbálẹ̀. Bó bá ní kí n kó ẹrù mi, mi ò mọ ibi tí màá kó o lọ.

Ó tún ṣe é nínú ọgbà, tòun ti ṣísọ́ọ̀sì ńlá tó fi ń gé igi lọ́wọ́. Ó tún ṣe é nídìí tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣubú, kì í gbọ̀n. Ó kàn máa ń ṣófo ni, bí ilé tí wọ́n pa iná rẹ̀, lẹ́yìn náà á padà dé, kò sì ní mọ̀ pé òun lọ.

Ọkọ̀ ló jẹ́ kó bà mí lẹ́rù jù. Ọkọ̀ eléré kékeré kan ni, aláwọ̀ ewé, kò ní òrùlé, ìjókòó rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ní Coventry níbí ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí bàbá wa ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Keje, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ máa ń wa ọkọ̀ wọn lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á jókòó sórí àga aláṣọ, wọ́n á máa jẹ kéèkì. Lọ́dún yìí, Roland ti ṣèlérí fún Tamsin pé ọmọ náà ló máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Tamsin ni ọmọ Hilary, Hilary ni ọmọ kan ṣoṣo tí Roland bí. Ọmọ ọdún méje ni Tamsin. Ní gbogbo ìgbà tó bá wá sílé wa ló ń béèrè pé ọjọ́ mélòó ló kù.

Èmi náà ń ka ọjọ́. Mi ò kà á bíi tirẹ̀.

Nígbà tí òtútù ń lọ, iná inú géèjì epo kú. Nítorí gílóòbù tí kò tó ọmọ ìka yẹn, Roland tú gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù, ó gbé pákó dídán tí wọ́n fi ṣe é lé orí bẹ́ǹṣì nínú gáréèjì. Àwọn wáyà rọ̀ sílẹ̀ bí ìfun ẹran. Ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ bá pákó náà jáde. Ọkọ̀ ò lè lọ síbì kankan.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gwyn, ará Wales kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, wá wò ó. Ó ki orí bọ inú ihò náà, ó súfèé.

"Roland, níwọ̀n ìgbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti wà nílẹ̀, ṣé o ò ní pààrọ̀ họ́ọ̀sì tó ń gbé omi gbígbóná lọ síbi ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru?"

"Họ́ọ̀sì yẹn ò ṣe nǹkan kan."

"Kò tíì ṣe ni. Dá pákó ẹ padà, kó wá bẹ́ lọ́la, kí omi gbígbóná da sí ẹ lẹ́sẹ̀. Ìgbà yẹn ni wàá tún tú gbogbo ẹ̀, tí wàá máa bú èmi."

"Ẹnu ẹ yìí!" Roland ní, àmọ́ ó pààrọ̀ họ́ọ̀sì.

Àìsàn wọn nìyẹn, gbogbo wọn pátá. Kò sí ọlọ́kọ̀ àtijọ́ kan tó lè gbọ́ "níwọ̀n ìgbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti wà nílẹ̀" kó sì mú ojú kúrò. Mo jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbọ́ wọn, nǹkan kan sì yé mi. Tí iṣẹ́ ò bá tán, pákó ò ní padà. Tí pákó ò bá padà, ọmọ yẹn ò ní jókòó síbẹ̀.

Mo kó ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wọn lọ sí yàrá mi. Mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí bí mo ṣe ń kàwé nìyẹn. Nígbà tí a ń jẹun, mo ní:

"Ẹ̀gbọ́n, rọ́bà tó wà nídìí wáípà ńkọ́? Wọ́n ní tó bá gbó, omi á máa gba ibẹ̀ wọlé. Tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá wà níbẹ̀, ọwọ́ ò lè dé e."

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ìwọ? Níbo lo ti gbọ́ rọ́bà wáípà?"

"Mo kà á ni."

"Neville ka ìwé!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ẹ gbà mí o. Wàá bá mi tú ẹ́ńjìnnì lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ó pààrọ̀ rọ́bà náà. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní ìpẹtà wà lára irin ẹ̀yìn ibi tí pákó ń wà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ha á, ó kùn ún. Mo ní àwọn wáyà yẹn ti gbó, aṣọ ara wọn ti ń já. Ó ra tuntun, ó ń so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣépè. Gwyn ló ní kí wọ́n gbé pákó lọ fún ọkùnrin kan ní Leicester tó ń dán igi, ọkùnrin yẹn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kíákíá. Inú mi dùn sí ọkùnrin tí mi ò rí rí.

Láti ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, Roland máa ń dojú sókè, á tẹ ẹ̀yìn lé ilẹ̀ ọkọ̀, orí rẹ̀ á wà lábẹ́ sitíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta. Mo máa ń jókòó sítòsí. Tí ìró súpánà bá ti dákẹ́, màá pè é.

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ló tún dé?"

"Ṣé ẹ máa mu tíì?"

"Neville, tí mo bá tún mu tíì kan sí i, màá bẹ́. Ṣé o ò níṣẹ́ ni?"

Nígbà míì, kì í dáhùn. Màá dìde, màá rí ojú rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, ó là, ó ń wo wáyà, súpánà á ti jábọ́ lé e láyà. Màá dì í lẹ́sẹ̀ mú títí á fi padà dé. Tó bá padà dé, á ní, "Tú mi lẹ́sẹ̀, àbí o ya wèrè?"

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sí pápá kù dẹ̀dẹ̀ nígbà tí pákó dé láti Leicester. Gwyn wá bá a ṣe é. Mo gbìyànjú láti dá wọn dúró.

"Pẹ́dàálì kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"A ti fi gíríìsì sí i," Gwyn ní.

"Okùn tó ń mú mítà eré ṣiṣẹ́?"

"Tuntun ni."

"Aago inú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣiṣẹ́."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Gwyn nu ojú. "Aago yẹn ò ṣiṣẹ́ rí, Nev. Bó ṣe jáde nílé-iṣẹ́ nìyẹn. Tó bá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbà pé ojúlówó ni."

Wọ́n dè é mọ́ ibẹ̀. Roland ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo géèjì tàn. Gwyn pàtẹ́wọ́. Mo jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, Hilary gbé Tamsin dé, ọmọ náà wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa, ó so ìborí mọ́rí. Ọkọ̀ ti wà níta, ó ń kùn. Mo dúró síwájú rẹ̀.

"Hilary, má jẹ́ kí ọmọ yìí wọ ọkọ̀."

"Ọ́ńkù Nev, ẹ̀rù ti ń bà yín nìyẹn?"

"Bàbá ẹ máa ń lọ. Ojú rẹ̀ máa ń là sílẹ̀, kò ní sí níbẹ̀. Ó ṣe é nídìí tíì. Ó ṣe é nínú ọkọ̀ yìí gan-an."

Hilary wo bàbá rẹ̀. "Dádì?"

"Ṣé ìwọ náà ò mọ Neville ni?" Roland ní. Kò gbójú sókè. "Ológbò ládùúgbò yìí ń lé e kiri. Ó rí mi tí mò ń ronú, ó ní mo ti kú."

Ó rẹ́rìn-ín. Hilary náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbá mi lápá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má dààmú. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi lọ nínú ọkọ̀ tèmi." Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ eléré náà fún ọmọ rẹ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo gba iwájú ọmọ náà, mo wọlé, mo jókòó, mo ti ilẹ̀kùn.

"Bọ́ sílẹ̀," Roland ní.

"Mi ò bọ́."

"Ọ́ńkù Nev, àyè mi nìyẹn!" Tamsin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Hilary ní, "Ẹ wo ọjọ́ orí yín o, ẹ ń bá ọmọdé du àga!" Àwọn aládùúgbò yọjú. Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Mo di etí àga mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Roland tẹjú mọ́ mi. "Tí a bá padà dé, wàá kó jáde nílé mi." Ó sì tẹná mọ́ ọn bí Hilary ṣe ń gbé ọmọ tó ń sunkún wọ ilé.

A kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. A kọjá ilé ọtí. Ọ̀nà náà tín-ín-rín, igbó tí wọ́n gé dọ́gba wà lápá òsì àti ọ̀tún. Mi ò wo ọ̀nà, ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó ń bú mi, ó ń sọ̀rọ̀ nípa màmá wa tó bà mí jẹ́, ó wá dá ọ̀rọ̀ náà dúró sáàárín. Mo rò pé ó ń wá ọ̀rọ̀ ni.

Kò wá nǹkan kan. Ó ti lọ.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sitíárìn. Ọkọ̀ ń sáré, ó ń yà díẹ̀díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, síhà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà bọ̀, tírélà kan tó kó ẹṣin sì ń bọ̀ níwájú wa. Mo kígbe. Mo gbá sitíárìn mú, mo fà á sọ́dọ̀ mi. Tírélà náà kọjá, ó ń fọn fèrè. A wọ inú igbó, ẹ̀ka ń nà wá lójú, ọkọ̀ gbá nǹkan kan, ó kú.

Lẹ́yìn náà, Roland mí kanlẹ̀. Ó wo igbó. Ó wo apá òsì. Mo ti ṣubú sí ìsàlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń wà, kò rí mi. Àga ló rí, àga tó ṣófo.

"Tamsin?" ó ní.

Ó fò jáde. Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Tamsin! Tamsin!" Ó ń fi ọwọ́ lásán ya igbó, ẹ̀gún ń ya á, ó ń wo abẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú kòtò, ó ń tú ewéko kiri bí ẹni tó ń wá òrùka.

Mo rá jáde. Apá mi ti kán, àmọ́ mi ò tíì mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó wà nílé. Ó wà lọ́dọ̀ Hilary. Èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

Kò gbọ́. Mo tún un sọ. Mo tún un sọ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dáwọ́ dúró, kó tó wò mí, kó tó rántí. Ó jókòó sínú kòtò náà.

"Mo rò pé mo ti pa á," ó ní.

Gwyn ló bá wa níbẹ̀, ó ń lọ sí pápá. Ó sáré bọ́ sílẹ̀. "Kí ló dé? Bíréèkì ni? Àbí a ò so wáyà kan dáadáa?"

"Kì í ṣe ọkọ̀," Roland ní. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Gbé e lọ. Má gbé e wá sílé mi mọ́."

Hilary dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí Gwyn gbé wa dé. Roland dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ó ní, "Ohun tí Neville sọ láàárọ̀, òótọ́ ni." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Dókítà ti rí kókó kan nínú orí Roland. Wọ́n ní ó ti tóbi. Roland kò lé mi jáde, kò sì sọ̀rọ̀ nípa kíkó jáde mọ́. Tamsin nìkan ló kù tí kò tíì dárí jì mí. Tó bá wá, kì í kí mi. Ó ní èmi ni mo gba àyè òun lọ́jọ́ tí bàbá àgbà wakọ̀ kẹ́yìn. Hilary fẹ́ ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ kan, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa bínú sí mi.