Orúkọ Keje

"Dìde! Mo ní kí o dìde! Ta ni mo jẹ́, ọba?"

Orúnkún Fẹ́yìsayọ̀ ò tíì kan kápẹ́ẹ̀tì tán tí Bàbá Oyèbámijí ti pariwo mọ́ ọn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ti ń rán an wá sí ilé yìí ní Wythenshawe, ní Manchester, láti wẹ̀ fún Bàbá, kí ó fún wọn lóògùn, kí ó sì wá nǹkan tí wọ́n máa jẹ. Láràárọ̀ ló ń pinnu pé òun ò ní kúnlẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni orúnkún ń ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ta ló ń kí ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin lórí ìdúró? Ìyá rẹ̀ ní Ìkirè á gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun wà láàárín wọn.

"Ẹ má bínú, sà. Ó ti mọ́ mi lára ni."

"Ó ti mọ́ gbogbo yín lára! Àwọn obìnrin Rọ́ṣíà kúnlẹ̀ títí, wọn ò rí búrẹ́dì. Ọjọ́ tí wọ́n dìde dúró ní 1917, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ọba wọn tún lò lórí ìtẹ́."

Fẹ́yìsayọ̀ mọ èyí tó kàn. Bó bá ti ń fi tówẹ́ẹ̀lì nu ẹ̀yìn wọn, wọ́n á ti Rọ́ṣíà bọ́ sí Ṣáínà, wọ́n á ti Ṣáínà fò dé Kúbà, wọ́n á wá padà sí Manchester níbí, níbi tí ọmọ Jámánì kan tó wá bójú tó ilé iṣẹ́ òwú bàbá rẹ̀ ti rí ìyà tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́, tí kò sì lè panu mọ́. Ìyàwó Bàbá ti kú, Canada ni àwọn ọmọ wọn wà, iyè Bàbá fúnra wọn sì ti ń jò bíi korobá tó lu. Wọ́n lè gbàgbé pé àwọn ti jẹun. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé Milan.

Milan ni ọmọ Tsẹ́kì tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà ní yunifásítì ní Mọ́sko. Ní 1968, àwọn ará ìlú Milan ní àwọn fẹ́ ìjọba kọ́múníìsì tí ènìyàn lè bá jiyàn, ni Rọ́ṣíà bá fi ọkọ̀ ogun wọ ìlú wọn. Milan sọ ọ́ síta pé kò dáa. Wọ́n wá mú un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tú u sílẹ̀.

"Èmi tí ìjọba wọn ń san owó ilé-ìwé mi," Bàbá á fọwọ́ sọ àyà, "èmi tí wọ́n lè lé padà sílé lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i!"

"Akin ni yín, sà," ni Fẹ́yìsayọ̀ máa ń dáhùn, láìfọkàn sí i. Lónìí, ó fọkàn sí i. Lẹ́tà kan wà nínú báàgì òun náà.

Halimah, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlógún láìsinmi. Lọ́jọ́ tó pé ogún, ó sọ fún ọ̀gá pé ó ti rẹ òun. Ọ̀gá ní kò burú, kí ó lọ sinmi dáadáa, òun máa yọwọ́ nínú físà iṣẹ́ tí òun fi mú un wá sí ìlú òyìnbó. Ọgọ́ta ọjọ́ ni Halimah ní láti fi ríṣẹ́ mìíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó máa lọ sílé. Ni òṣìṣẹ́ méje bá kọ̀wé: kí ọ̀gá fi Halimah sílẹ̀, kí ó sì fún gbogbo àwọn ní ọjọ́ ìsinmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn máa fẹjọ́ rẹ̀ sun ìjọba. Orúkọ Fẹ́yìsayọ̀ ni ìkeje. Òun náà ni wọ́n ní kí ó gbé e lọ, torí pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni òun àti ọ̀gá ń lọ. Orí físà Fẹ́yìsayọ̀ ni ti ọkọ rẹ̀ àti ti Jọlá, ọmọ rẹ̀, sì wà.

Ó fi lẹ́tà náà han Bàbá. Wọ́n ka orúkọ méjèèje sókè.

"Ta ni ọ̀gá yín? Òyìnbó?"

"Rárá, sà. Yorùbá ni. Alàgbà Adéjùmọ̀."

Bàbá mirí. "Èyí le ju ti òyìnbó lọ. Òyìnbó ò ní retí kí o kúnlẹ̀. Gbọ́, Fẹ́yìsayọ̀. Orí ìdúró ni kí o ti sọ̀rọ̀. Bí o bá ti kúnlẹ̀ pẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, sà."

Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ kó tó dé Harpurhey, níbi tí ọ́fíìsì ọ̀gá wà. Lọ́nà, ó ń fi ètè kọ́ ohun tó máa sọ. *Ẹ káàsán, sà. Gbogbo wa la jọ kọ lẹ́tà yìí.* Ó dùn ún gbọ́ létí ara rẹ̀.

Òkè ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì ni ọ́fíìsì náà wà. Fẹ́yìsayọ̀ kanlẹ̀kùn, ó wọlé. Alàgbà Adéjùmọ̀ gbójú sókè, orí rẹ̀ funfun bíi ti bàbá Fẹ́yìsayọ̀ gẹ́lẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Kí Fẹ́yìsayọ̀ tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìyá Jọlá! Káàbọ̀, ọmọ mi. Jọlá ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti lọ?"

"Ó ti lọ, sà. Ẹ ṣeun, sà."

"A dúpẹ́. Mò ń fi í sínú àdúrà." Kò ní kí ó dìde. "Kí lo mú wá?"

Gbogbo ohun tó kọ́ nínú bọ́ọ̀sì pòórá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi na lẹ́tà náà sí i, bí ẹni tó ń gbé omi fún àna. Ọ̀gá kà á, kò kánjú.

"Ẹni méje." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ìwọ náà, Fẹ́yìsayọ̀? Ìwọ tí mò ń sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni? Ẹni tó kúnlẹ̀ kí mi báyìí, òun náà ló fẹ́ fẹjọ́ mi sun òyìnbó?"

"Rárá, sà. Ẹ má bínú, sà."

Bó ti sọ ọ́ tán ló mọ̀ pé ó ti parí. Bàbá ti wí bẹ́ẹ̀.

"Èmi ò bínú. Jọlá ni mò ń rò." Ó ti bírò kan sí i lórí tábìlì. "Fa igi lé tìẹ."

Fẹ́yìsayọ̀ mú bírò náà. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi fa igi lé orúkọ keje. Ọ̀gá ní kó tún un fà, kò hàn tó. Ó tún un fà.

"Ọlọ́run á bá wa tọ́ Jọlá."

"Àmín, sà."

Ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí ọ̀rọ̀ Halimah wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Auntie Fẹ́yì, wọ́n ní ẹ ti gbé e débẹ̀. Ọlọ́run á dúró tì yín bí ẹ ṣe dúró tì mí." Fẹ́yìsayọ̀ sunkún títí ó fi kọjá ibi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá, kò kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìgboyà. Orúnkún tó fi ṣe ohun tó ṣe lánàá, ojú ń tì í láti tún fi kí ẹni rere.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Inú Bàbá dùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. "Ó dúró! Ẹ wò ó, ó dúró! Ṣé o gbé lẹ́tà yẹn dé ọ̀hún?"

"Mo gbé e débẹ̀, sà."

"Orúkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Mo fọwọ́ sí i."

Bàbá ń wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́, ẹ̀rín sì kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ fún ìyá Milan," ni wọ́n wí. "Ó wá kó ẹrù rẹ̀ nínú yàrá wa. Ó bi mí. Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Obìnrin yẹn fẹnu ko ọwọ́ mi, ọwọ́ yìí tí kò kan lẹ́tà náà rí."

Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá ò sọ ti Ṣáínà, wọn ò sọ ti Kúbà. Fẹ́yìsayọ̀ bu omi gbígbóná sínú bàsíà, ó rẹ tówẹ́ẹ̀lì sí i, ọwọ́ yẹn ló sì kọ́kọ́ nù.