Bàálù Àgbàlagbà Tí Wọ́n Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná, nígbà tí iyán gbé mi sùn.

Nínú àlá náà, ìjọba ní kí èmi Ládélé lọ wò ó bóyá iléeṣẹ́ tó ń yẹ bàálù wò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Wọ́n ní ẹni tí kò bá wọn tan ni àwọn ń wá, kó má baà ṣègbè. N kò wọ bàálù rí, ṣùgbọ́n mo ní kò burú. Ọ́fíìsì ọ̀hún léfòó lójú sánmà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi àgbálùmọ̀. Mo gun okùn náà débẹ̀, n kò tilẹ̀ làágùn.

Ọ̀gá wọn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ògbólógbòó bàálù kan tó ń yí po lókè hàn mí. Àṣé ìyá mi wà nínú rẹ̀! Wọ́n ń juwọ́ sí mi lójú fèrèsé. Mo di ọ̀gá lápá mú.

"Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbéra?"

"À ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ ò wo abẹ́ rẹ̀?"

"Háà, alàgbà! Bàálù yìí ju bàbá mi lọ. Ta ni mí tí n ó máa yọjú wo abẹ́ àgbàlagbà?"

Gbogbo òṣìṣẹ́, tó fi mọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀, ń mi orí pé òótọ́ ni. Bí wọ́n ti ń mi orí ni irùngbọ̀n ń hù, tọkùnrin tobìnrin, títí wọ́n fi di ewúrẹ́. Mo kí wọn kú iṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó dìde nídìí tábìlì. Wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ.

Mo yọrí lójú fèrèsé. "Bàbá bàálù, ẹ kú ìrìn o. Ibo ló ń dùn yín?"

Bàálù bú sẹ́kún. "Ẹsẹ̀ mi òsì ni, ọmọ mi. Ó ti ń mì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ń kí mi ṣáá, kò sẹ́ni tó béèrè."

Inú bí mi. Mo yíjú sí ọ̀gá: "Ọ̀wọ̀ tó fẹ́ já àgbà lulẹ̀, ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?"

"Mèé," ni ọ̀gá wí. Ojú tì í, ó fi ìwo ti sípánà sọ́dọ̀ mi.

Bàálù na ẹsẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, ó gbé e lé mi nítan. Mo fi sípánà dè é pinpin. Ó mí kanlẹ̀, ó sì rọra bà sórí igi àgbálùmọ̀. Nígbà tí mo rí ìyá mi tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, inú mi dùn dẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni mo ti jí. Ìyá mi, tí wọ́n wá kí wa láti abúlé, jókòó nítòsí mi, wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún. Mo ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n kí wọn káàsán gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ni mo bá dúró.

"Màámi, ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Wọ́n dá ọwọ́ dúró lórí orúnkún. "Ta ló sọ fún ọ?"

Mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n gbé e lé mi nítan.