Òjò Ẹ̀yìn Òkè

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wọ ọ́fíìsì kí ọkùnrin náà tó gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. Eruku bo obìnrin náà látorí délẹ̀, ètè rẹ̀ ti sán. Ó dúró sáàárín àwọn àwòrán ìkùukùu tó wà lára ògiri, kò jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mu omi."

Ó gba ife náà, ó wò ó títí, ó sì gbé e kalẹ̀ láìfẹnu kàn án.

"Agbéjòwá ni wọ́n ń pè ọ́ nígboro. Ọlọ́kọ̀ tó gbé mi wá ní oṣó ni ọ́."

"Èmi kì í ṣe oṣó. Iyọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bàálù á gbé e wọnú ìkùukùu, ìkùukùu á sì di òjò."

"Ìkùukùu ta ni?"

Láti ìgbà tí ọ̀dá ti fẹ́ pa ìlú yìí run ni ọkùnrin náà ti ń fi iyọ̀ dá ìkùukùu tó ń ti òkun bọ̀ dúró, kó tó ré òkè kọjá. Àgbàdo ìlú gbọmọ pọ̀n, àwọn ará ìlú gbé agbéjòwá wọn lé èjìká, wọ́n jó. Ẹ̀yìn òkè, níbi tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ni òjò ọ̀hún ìbá rọ̀ sí. Ó mọ̀. Ó kàn gbójú kúrò ni. Ó ní tó bá yá, òun á ṣe tiwọn náà.

"Àbíkẹ́yìn mi mu ẹrẹ̀ ìdí kànga," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "A sin ín lánàá. N kò wá bá ọ jà. Bí o bá jẹ́ oṣó, mo wá bẹ̀ ọ́. Bí o bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé, mo wá bẹ̀ ọ́."

Ọkùnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ yẹn ló máa ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹṣin. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀ọ́n. Ó fa rédíò mọ́ra, ó pe awakọ̀ bàálù tó ti wà lókè.

"Má da iyọ̀ síbí lónìí. Ré òkè kọjá. Ẹ̀yìn òkè ni kí o da gbogbo rẹ̀ sí."

Wọ́n dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di etí tábìlì mú. Nígbà tó ṣe, rédíò sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, mo ti débẹ̀. Kò sí ìkùukùu kankan. Ojú ọ̀run mọ́ gaara."

"Wò ó dáadáa."

"Ọ̀gá, kí ni kí n da iyọ̀ sí?"

Kó tó dáhùn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí páànù òrùlé, ta, ta, ó wá di wàìwàì. Ìgboro hó yèè. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lójú títì, wọ́n ń dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ hóró iyọ̀ kan kò kan ìkùukùu ìlú lónìí. Òjò ti mọ ibi tí wọ́n kọ́ ọ láti máa rọ̀ sí. Kò dúró de ẹni tó kọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ẹnu rẹ̀.

"Sọ fún òjò kó dúró," ló wí. "Ìwọ lo ni ín."

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ìgbà náà ló tó yé e pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń wí fún òjò.