Ìdajì Hóró

Ṣọ́ọ̀kì búlúù tí bàbá mi fi ń sàmì sí aṣọ ló fi fa ìlà sí àárín hóró òògùn, kó tó gbé résà lé e. Ó pín sí méjì géérégé. Bàbá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gé aṣọ tí kò tó kó lè tó. Ṣé hóró yìí ló wá fẹ́ ṣe agídí fún mi?”

Télọ̀ ni bàbá mi. Ọ̀gá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ìwé: ẹ̀yìn bébà tó fi ń gé aṣọ ni mo ti kọ A, B, D. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, ẹ̀yìn máṣíìnì ni mo máa ń sá sí, màá máa gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ.

Àìsàn inú egungun ló mú un ní ìbàdí. Dókítà kọ òògùn ìrora fún un, hóró kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Oṣù kìíní, a rà á pé. Oṣù kejì, a ta ọ̀kan nínú máṣíìnì méjèèjì ká tó rà á. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó ku máṣíìnì kan ṣoṣo tó ń bọ́ wa. Bí résà ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ìdajì láàárọ̀, ìdajì nírọ̀lẹ́. Inú agolo bọ́tìnnì ló ń kó àwọn ìdajì náà sí.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni o,” ó wí fún mi.

“Bàbá, ta ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi rí i pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Tó bá lo ìdajì náà láàárọ̀, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi rọ̀, orí rẹ̀ á máa tẹ̀ wálẹ̀, màá sì pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ìrora náà á ti padà dé. Á di etí tábìlì mú, á máa fi eyín fa afẹ́fẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Tíṣà tó ń gbé òdìkejì ilé wa wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Apá ọ̀tún bò ó lọ́wọ́, apá òsì kò dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

“Ọ̀gá Téèpù, èwo lèyí? Ṣé ọmọdé ló ni apá òsì mi ni?”

“Ẹ má bínú. Màá tún un ṣe.”

“Èmi ò bínú o. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo kúkú fi ń na ọmọ.”

Èmi àti òun jọ rẹ́rìn-ín, bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò rí i kó ṣi aṣọ gé rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí kẹ́mísì tó wà ní ìkóríta. Mo jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta kọjá síwájú mi, kí wọ́n má bàa gbọ́ ohùn mi. Nígbà tó ku èmi àti apòògùn, ìyá kan tó wọ gíláàsì, mo na ìwé dókítà sí i.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé òògùn yìí ní hóró tó kéré sí i? Kí ọwọ́ wa lè ká a. Ká má bàa máa gé e.”

“Kẹ́ ẹ má bàa máa kí ni?” Ó jáde láti ẹ̀yìn káńtà. “Gé kẹ̀, ọmọ mi? Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe èyí kó máa tú sára, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá gé e, gbogbo rẹ̀ á rọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè mú kí èèyàn sùn, kó má jí mọ́.”

Mo di káńtà mú. “A rò pé à ń ṣún un lò ni mà.”

“Mo mọ̀.” Ó fi ìka tẹ ìwé náà. “Orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fún un ni dókítà kọ síbí. Òògùn kan náà wà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe, owó rẹ̀ ò ju ìdá kan nínú mẹ́ta èyí lọ. Ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọ́fíìsì kan sì wà ní ilé ìwòsàn yín tó ń ran àwọn tí owó òògùn bá wọ̀ lọ́rùn lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù wọn rèé. Ẹni tó bá béèrè ni wọ́n ń fún. Ẹ béèrè!”

Ó pe dókítà lórí fóònù lójú mi. Dókítà ní kí bàbá mi wá lọ́jọ́ Ajé, ó sọ bó ṣe máa lo odindi hóró títí di ìgbà náà, ó sì ní kó má fọwọ́ kan àwọn tó ti gé mọ́.

Nílé, bàbá mi gbọ́ ti òògùn, ó gbé agolo bọ́tìnnì fún mi láìjanpata. Fọ́ọ̀mù ló di wàhálà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Mo fọwọ́ sí i pé agbára mi kò ká owó òògùn mi.*

“Èmi? Èmi tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìdajì àdúgbò yìí? Gbé e kúrò níwájú mi.”

Ẹsẹ̀ mi ti ń gbé mi lọ sẹ́yìn máṣíìnì kí n tó mọ̀. Mo dúró. Mo mú aṣọ Ìyá Tíṣà, mo tẹ́ apá òsì rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù náà.

“Bàbá, ẹ wo apá yìí.”

“Mo ti rí i.”

“Ẹ tún un wò. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gé e, hóró yẹn ló gé e. Ẹ ń sùn sórí àlùmọ́gàjí. Bẹ́ ẹ bá wá sùn tẹ́ ẹ ò jí ńkọ́? Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀?”

Bàbá mi fa aṣọ náà mọ́ra. Ó fa téèpù lọ́rùn, ó wọn apá náà, ó tún un wọ̀n. Ìka mẹ́rin ló fi dín. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìbàdí.

“Ka ìwé ọ̀hún sí mi létí. Má fo nǹkan kan.”

Mo kà á tán.

“Ṣé kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀lẹ ni mí?”

“Kò sí, bàbá.”

“Fún mi ní bíírò.”

Lọ́jọ́ Ajé, dókítà fọwọ́ sí òògùn tuntun náà, ọ́fíìsì náà sì gbà láti san ìdajì owó rẹ̀. Ìyókù, ọwọ́ wa ká a. Ìrora náà kò lọ tán, dókítà sì ti sọ pé kò ní lọ tán. Láàárọ̀ tó kọ́kọ́ fẹ́ lo òògùn tuntun, bàbá mi yí hóró náà síwá sẹ́yìn lórí àtẹ́lẹwọ́, ó wo àárín rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé e mì lódindi.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé aṣọ Ìyá Tíṣà wá. Aṣọ ò kù tó tó apá kan mọ́. Ó tú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, èyí tó ká sínú á tó fi kún apá òsì, ó fi ṣọ́ọ̀kì búlúù fa ìlà, ó ní kí n di etí kejì mú. Mo dì í mú dáadáa. Ìlà náà tọ́.